Ọjọ́ Tí A Bá Ará Rongelap Dúró

Ọdún 1995 ni, nígbà tí ìbò tí àwọn ológun fagi lé nílé ṣì ń dùn wá bí egbò tútù. Àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní agbègbè Prince George's ní Amẹ́ríkà, nọ́ọ̀sì ni o, awakọ̀ takisí ni o, a kì í sinmi lọ́jọ́ Sátidé. A ó gbé páálí, a ó wọkọ̀ lọ sí Washington, a ó dúró níwájú ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà títí ohùn wa yóò fi há. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ dàgbà síbí lè máa rò pé Nàìjíríà nìkan ni mo fẹsẹ̀ rìn fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ́de tí mo máa ń rántí jù kì í ṣe tiwa rárá.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Temple Hills ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Èmi àti obìnrin kan tó ń jẹ́ Neijon la jọ máa ń wẹ̀ fún àwọn arúgbó, tí a jọ ń gbé wọn dìde lórí ibùsùn. Kò ga, irun rẹ̀ gùn dé ìdí, àpá iṣẹ́ abẹ kan sì wà níwájú ọrùn rẹ̀. Mo rò pé ará Filipíìnì ni. Ọjọ́ tí mo bi í ló sọ pé ará Erékùṣù Marshall lòun, láàárín agbami Pàsífíìkì, láti ibi kékeré kan tó ń jẹ́ Rongelap.

A ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́. Ó ní, "Risi, ọmọdé ni mí lọ́dún 1954. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń dán bọ́ǹbù wò ní Bikini, erékùṣù tó wà nítòsí wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run pọ́n láti ìwọ̀ oòrùn. Nígbà tó ṣe, eérú funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lé wa lórí."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Kí la fẹ́ ṣe? A ò mọ ohun tó jẹ́. Ó bọ́ sínú omi, a mu omi náà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń fi eérú ṣeré. Kó tó di alẹ́, ara ti ń ta wá. Lẹ́yìn náà, irun mi ń re ní ìdì-ìdì."

Ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kó wọn kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọ́n ní ilẹ̀ ti dára, wọ́n dá wọn padà. Wọ́n ń jẹ ẹja, wọ́n ń jẹ àgbọn, àìsàn ò sì kúrò lára wọn. Àwọn obìnrin ń bí òkú ọmọ. Gẹ̀gẹ̀ so lọ́rùn àwọn tó jẹ́ ọmọdé lọ́jọ́ eérú yẹn. Ibẹ̀ ni àpá Neijon ti wá. Ní 1985, àwọn ará ìlú fúnra wọn di ẹrù, wọ́n fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àdéhùn orílẹ̀-èdè wọn pẹ̀lú Amẹ́ríkà fìdí múlẹ̀, òun ló sì fún Neijon láyè láti wá ṣiṣẹ́ níbí.

Ó ní, "Àwọn tó ba ilé mi jẹ́ náà ni mò ń tọ́jú ìyá wọn."

Lọ́dún yẹn, ìjọba Faransé ní àwọn náà fẹ́ padà sídìí dídán bọ́ǹbù wò ní Pàsífíìkì. Neijon àti ìwọ̀nba ará erékùṣù tó wà nítòsí pinnu láti lọ dúró níwájú ọ́fíìsì aṣojú Faransé. Ó ti bá wa dúró nínú òjò rí, ó gbé páálí wa láìmọ orúkọ ẹni tí a dìbò fún pè dáadáa. Ó wò mí lójú, ó ní, "Mo ti gbé tiyín. Ṣé ẹ ó gbé tiwa?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sípàdé wa ní Hillcrest Heights, nílé Alhaji Láwàl, alága wa. Alhaji mi orí.

"Risi, ilé tiwa ń jó lọ́wọ́. Ṣé a ó fi í sílẹ̀ ká lọ máa pa iná ilé ẹlòmíì?"

"Alhaji, nígbà tí tiwa ń jó, obìnrin yìí gbé omi wá. Kò bi wá léèrè ibi tí Nàìjíríà wà."

"Àwọn míì ò tíì níwèé ìgbélùú níbí. Bí ọlọ́pàá bá kó wọn ńkọ́?"

Ìyẹn bà mí lọ́kàn, torí èmi náà wà lára wọn. Ọkọ mi ti sọ ọ́ nílé pé bí wọ́n bá mú mi, bóyá la ó fi lè gbé níbí mọ́. Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, sà. Ṣùgbọ́n mo máa lọ." Ìyàwó Alhaji, Ìyá Mutiu, ń gbé omi fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ.

Lọ́jọ́ ìwọ́de náà, a ò pọ̀. Oòrùn mú ganrín-ganrín. Ọlọ́pàá kan, adúláwọ̀ tó ní Glenarden nítòsí wa lòun ń gbé, wá sọ fún wa pé ká má kọjá okùn tí wọ́n ta. Ó ka páálí Neijon, ó wá béèrè pé, "Màmá, ṣé ilẹ̀ tiyín ni Faransé fẹ́ bà jẹ́?"

Neijon ní, "Rárá. Tiwa ti bà jẹ́. Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́."

Mo rò pé ó parí fún wa. Ọkùnrin náà wo àpá ọrùn rẹ̀, ó yọ fìlà rẹ̀, ó nu òógùn. Ó ní, "Wọn ò kọ́ wa ní ìyẹn nílé ìwé." Ó bá tú okùn náà, ó sún un sábẹ́ igi, kí a lè rí ibòji dúró sí.

Kò pẹ́ ni mo rí Ìyá Mutiu tó ń bọ̀, pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lára, tààrà láti ọsibítù. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ta ló gbé yín wá?"

"Alhaji ni. Ó wà nínú mọ́tò lọ́hùn-ún. Ó ní kí n má sọ fún yín." Ó gba páálí kan lọ́wọ́ mi, ó gbé e sókè.

Kò pé ọdún kan tí Faransé fi jáwọ́. Mi ò ní purọ́ fún yín pé àwa la dá wọn dúró. Ariwo tó ju tiwa lọ fíìfíì ló wà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n a wà níbẹ̀, èyí ò sì ṣeé gbà lọ́wọ́ wa. Ìṣẹ́gun tiwa náà dé lọ́dún 1999, nígbà tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí a dìbò fún ti kú. Ìṣẹ́gun tó dé lẹ́yìn ikú ẹni tó ni ín, èèyàn ò mọ bí yóò ṣe yọ̀ sí i.

Neijon ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Arkansas nígbà náà. Ó gbọ́ ìròyìn, ó tẹ̀ mí láago.

"Risi, ẹ ti dìbò?"

"A ti dìbò."

"Ṣé wọ́n kà á?"

"Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n kà á."

Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn fún mi tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ò tíì lè lọ sílé."