Mo Sàn Ju Aládùúgbò Mi Lọ

Láàárọ̀ yìí, mo ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ mi lẹ́yìnkùlé mi ní àdúgbò Koira Kano, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan ní àdúgbò Wadata, nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

Iná ti lọ láti àárọ̀. Màmá mi, aránṣọ ni wọ́n, ń fi jẹnẹrétọ̀ kékeré wọn ṣáàjì bátìrì fún gbogbo ará ilé, lọ́fẹ̀ẹ́. Onílé wa bi mí pé kí ni àwa Yorùbá ń pe jẹnẹrétọ̀ náà. Tayọ̀tayọ̀ ni mo fi túmọ̀ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ sí Zarma, èdè onílé, fún un: "Mo sàn ju aládùúgbò mi lọ."

Ojú rẹ̀ le. "Ta lo sàn jù?" ó jágbe mọ́ màmá mi. "Pa á! Mi ò fẹ́ ariwo yìí nínú ilé mi mọ́."

Mo rò pé wọ́n máa bẹ̀ ẹ́. Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde sórí iyanrìn gbígbóná lójú títì, wọ́n fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, èéfín sì ta wá lójú.

"Ṣé títì náà, ilé yín ni?" wọ́n bi onílé.

Àwọn ará ilé gbé bátìrì wọn tẹ̀ lé wa, wọ́n tò. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé epo tí màmá mi fẹ́ fi tan jẹnẹrétọ̀ láti fi rán aṣọ ọdún wa ló jó tán lọ́jọ́ náà.

Nírọ̀lẹ́, onílé yọ sí wa, ó fi bátìrì rédíò rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ agbádá. Màmá mi wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ẹ tò sẹ́yìn, Bàbá. Àwọn tí mo sàn jù ló wà níwájú yín."