Ṣíbí tí màámi gbé fún mi

Màámi gbé ṣíbí fún mi lónìí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bà la fẹ́ jẹ.

Ẹ mọ̀ pé mo ti kàwé jáde, mo ti ń ṣe tíṣà, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Yábà. Ọ̀sẹ̀ yìí ni òyìnbó tó ń kọ́ wa gbé ọ̀bẹ fún wa, a bẹ̀rẹ̀ sí í la òkú. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ nílé, ní Muṣin, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Oúnjẹ dé. Gbogbo ilé yí àwo kan ká. Wọ́n bu tèmi sọ́tọ̀.

"Màámi, kí ló dé?"
"Dókítà kì í fọwọ́ jẹun."
"Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."
Wọn ò wojú mi.

Bàbá mi ló ń wẹ òkú fún mọ́sáláṣí wa. Wọ́n wẹ ọ̀kan láàárọ̀ yìí. Ọwọ́ wọn ló kọ́kọ́ wọ àwo.

"Bàbá, ọwọ́ tiyín ńkọ́?"
"Èmi ń wẹ̀ wọ́n kí wọ́n lè relé ni. Ìwọ ò jẹ́ kí òkú tìẹ lọ."

Mi ò bínú. Mi ò tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń ṣe mí. Mo fi ṣíbí jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wà nídìí àwo yẹn, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n tọwọ́ bọ̀ ọ́?