Ọjọ́ Tí Mo Pe Àmọ̀kẹ́ Lórí Pápá

"Kí òbí kankan má ṣe pe ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré." Ìkìlọ̀ tí kóòṣì tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní eré fún wa lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn, èmi ni mo sì fà á. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni, n kò sì lè gbàgbé rẹ̀.

Àmọ̀kẹ́, ọmọ mi ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń gbá baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, ní Ardwick, àdúgbò wa níbí ní ìlú òyìnbó. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó kì í jẹ́ kí n ráyè, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ wò ó nìyẹn. Ó fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù fò lọ réré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kó lè dé ibùdó tí wọ́n sàmì sí lórí pápá kí bọ́ọ̀lù tó padà dé ibẹ̀. Mo rí i pé okùn bàtà rẹ̀ ti tú. Ẹ̀rù bà mí. Mo pariwo, "Àmọ̀kẹ́!"

Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé bí mo bá pè é, kó dúró, kó kúnlẹ̀, kó dáhùn. Ó dúró, ó kúnlẹ̀ sórí koríko.

"Mà?"

Bọ́ọ̀lù fẹ́ẹ̀ẹ́ gbá a létí bó ṣe ń kọjá lọ sí ibùdó. Bọ́ọ̀lù ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n sì ní kó jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, mo ní, "Má bínú, okùn bàtà rẹ ni mo rí."

"Ṣé okùn bàtà ló ń sáré ni, Mọ́mì? Ẹ má wá mọ́."

Ọmọ náà kò ṣẹ̀ mí, ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sáré dé ná kí ẹ tó pè é.