Ògiri Tó Ń Ya Orin

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Èmi, ọmọbìnrin mi, ọkùnrin tó ni ilé ìkẹ́rùsí tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó, àti àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléeṣẹ́ la wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti fi kọ̀ǹpútà ṣe é kí ohùn ẹni tó bá ń kọrin di àwòrán lára ògiri. Onílé ti sọ pé bí kò bá wú òun lórí lọ́jọ́ náà, kí ọmọ mi kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Akọrin tí ọmọ mi bẹ̀ kò wá. Ó yíjú sí mi.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé orin.”

Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kì í lé orin mọ́. Ọmọ mi bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n dákẹ́, torí ohùn ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe é fún.

Mo lé e. Ìlà búlúù tín-ín-rín kan ń lọ lára ògiri.

“Ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?” ni onílé wí.

Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa kì í gbọ́ orin kí wọ́n má gbè é. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ni gbogbo wọn bá gbè é. Ọmọ mi káwọ́ lérí. Ìlà náà pẹ̀ka, ó di pupa, ó di yẹ́lò, ó kún ògiri dókè.

Onílé ti ń pàtẹ́wọ́. “Ẹ má dákẹ́ o, Bàbá. Ọmọ yín ò ní kó ẹrù kankan lọ mọ́.”

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ sí Ìjókò lọ mú ìyá ìyàwó mi wá, kí òun náà wá kọrin sí ògiri náà.