Ìkúnlẹ̀ Gbéminíyì ní Ọ̀nà Ekenwan

Gbéminíyì Ọlátúnjí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá ní àgbọ́yé. Ìlú Bìní ni wọ́n bí i sí, ní àdúgbò Uwasota, kò pẹ́ lẹ́yìn tí báńkì gbé bàbá rẹ̀ láti Adó-Èkìtì lọ síbẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá fi Yorùbá bi í ní ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi fèsì. Bí inú bá sì bí i, ọ̀rọ̀ á di pijin. Ohun kan ṣoṣo tí ó pé lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ogún ìran rẹ̀ ni ìkúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì gbà kí èyí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láéláé.

"Èdè lè sọnù ní Uwasota," ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí máa ń wí, "ṣùgbọ́n orúnkún kò ní í sọnù níṣojú mi."

Nítorí náà, láàárọ̀, kí Gbéminíyì tó fi ẹnu kan omi, á kúnlẹ̀ kí bàbá, á kúnlẹ̀ kí ìyá. Ó ń kúnlẹ̀ ní ìpàdé àwọn ọmọ Èkìtì. Ó ń kúnlẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà ṣe ilẹ̀ gbígbẹ, ìbáà ṣe ẹrẹ̀, àwọn ìyá ìjọ a sì máa tìtorí rẹ̀ bú ọmọ tiwọn: "Ẹ ò rí ọmọ Ọlátúnjí! Ẹ̀yin tí ẹ ń juwọ́ sí mi bí ẹni ń dá mọ́tò dúró!"

Nígbà tí ó wọ yunifásítì ní ọdún 2005, ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìgbáyégbádùn aráàlú ni ó yàn, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní wẹ́fíà. Iṣẹ́ báńkì ni bàbá rẹ̀ fọkàn sí fún un, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti fi gbogbo ara gba ohun tí ó yàn. Ó kọ́ bí a ti í wọ ilé onílé láìdá ìjà sílẹ̀. Ó kọ́ bí a ti í jókòó ti ẹni tí ẹ̀rù ń bà títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Wọn a tún máa ṣe eré ìdánrawò nínú kíláàsì. Ní ọjọ́ kan, Babájídé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, wé gèlè, ó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìyá òǹrorò tí ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

"Ta ló ní kí o wá sílé mi, ìwọ ọmọ àná yìí?" ni Babájídé ké, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Ìjọba ni, mà," ni Gbéminíyì dá a lóhùn, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe ọmọ náà wá."

Kíláàsì hó yèè. Olùkọ́ wọn ní kò sí ẹni tí ó ṣe é tó o ní ọdún náà. Kò sì sí ẹni tí ó ronú kàn án pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ọkùnrin ni ó wà lábẹ́ gèlè yẹn, ẹni tí a kò kọ́ ọ rí láti ilé pé kí ó kúnlẹ̀ fún.

Ní ọdún 2008 ni àkókò ìkọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́ tó. Wọ́n rán an lọ sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn kan láàárín ìlú, wọ́n sì fi í sábẹ́ Àǹtí Comfort, obìnrin Bìní kan tí ó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, tí ojú rẹ̀ kì í sì í fo nǹkan kan. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ìyàwó sójà kan láti ọ̀nà Ekenwan wá fẹjọ́ sùn. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan tí ó jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ń bẹ nínú ọgbà tí ó kángun sí tiwọn, pé òun máa ń rí i lórí òkúta wẹ́wẹ́ ní ẹ̀yìn ilé, lórí ìkúnlẹ̀, nínú oòrùn, láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Òun ti bá a sọ̀rọ̀ lórí ògiri títí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ní àná ni ìyá ilé náà wá sọ fún òun pé òun yóò fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n òun ní Kàdúná ní ọjọ́ Ẹtì.

"Bí ó bá dé Kàdúná," ni Àǹtí Comfort wí ní pijin, "a kò ní í rí i mọ́. Ìwọ nìkan ni o sì gbọ́ èdè rẹ̀ níbí. Dìde, ó yá."

Gbéminíyì mọ ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ìyáàfin Fọláyẹmí ni. Mọ́mì Ìrètí tí ó kọ́ ọ ní ìtàn Bíbélì nígbà tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀, tí ó máa ń fún un ní bisikíìtì bí ó bá ka ẹsẹ tirẹ̀ yanjú. Ó wo nọ́ńbà ilé lẹ́ẹ̀kejì. Òun náà ni. Kí ọkàn rẹ̀ tó pinnu ohunkóhun, orúnkún rẹ̀ ti kan ilẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Háà! Gbéminíyì! Dìde, dìde, ọmọ mi." Obìnrin náà fa apá rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àṣé ìwọ ni wẹ́fíà! Ẹ̀rù ti bà mí! Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n wá móòtì fún yín."

Àǹtí Comfort ní àwọn kò mu nǹkan kan. Nígbà náà ni Gbéminíyì rí ọmọ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, bóyá ọmọ ọdún mẹ́wàá, yẹ̀rì rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó hàn gbangba pé ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí. Tóyọ̀sí ni orúkọ rẹ̀.

"Tóyọ̀sí, ṣé ẹnikẹ́ni ń fìyà jẹ ọ́?" ni Gbéminíyì bi í.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Mọ́mì ń tọ́jú mi dáadáa," ni ọmọ náà wí, bí ẹni ń ka ohun tí a kọ sójú pátákó. Kò wo ojú rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ o," ni Ìyáàfin Fọláyẹmí wí. "Gbéminíyì, bá mi kí bàbá rẹ."

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀yìn géètì, Àǹtí Comfort dúró. "O mọ obìnrin yẹn."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wá, mà."

"O kò sì sọ fún mi. Ṣé o rí ojú ọmọ yẹn nígbà tí o kúnlẹ̀?"

"Mo kàn kí wọn ni, mà. Ìkíni lásán ni."

"Èmi rí i. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ó ń wò wá bí ẹni pé a mú omi wá. O lọ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì pa dé." Àǹtí Comfort nu ọrùn rẹ̀. "Ọmọ Bìní ni mí. Àwọn ọmọ mi ń kúnlẹ̀ kí mi. Inú ilé mi ni wọ́n ti ń ṣe é. Ìwọ, ojú ìjọba ni o gbé lọ sí ilé yẹn, o sì gbé e lọ fi kan ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọ̀la a ó padà wá. Bí orúnkún rẹ bá tún lọ sílẹ̀, Kàdúná ni ọmọ náà ń lọ."

Ọ̀rọ̀ náà dà bí ìgbájú. Ohun tí gbogbo ayé fi ń yìn ín láti kékeré, òun náà ni ó pa ọmọ kan lẹ́nu mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ti ń dúró dè é ní pálọ̀.

"Ìyá Ìrètí pè mí lórí fóònù," ni ó wí. "Wọ́n ní o ṣe bí ọmọ gidi. Ṣé ẹ tún ń padà lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣe iṣẹ́ rẹ. N kò ní kí o má ṣe é. Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀ kí wọn kí o tó bẹ̀rẹ̀. Kí ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ rẹ?"



Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn ṣí, Gbéminíyì sì dúró gbọn-in. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Ìyáàfin Fọláyẹmí wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó dúró bí ẹni tí ń retí kí ohun kan parí. Nígbà tí kò parí, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé orúnkún ń dùn ọ́ ni, Gbéminíyì, àbí ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ, kò jẹ́ kí o lè tẹ̀?"

"Iṣẹ́ ló gbé wa wá, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pe Tóyọ̀sí wá."

"N ó pe bàbá rẹ!"

"Ẹ pè wọ́n, mà."

Àǹtí Comfort bá obìnrin náà jókòó ní pálọ̀, Gbéminíyì sì mú ọmọ náà lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn. Tóyọ̀sí ń wò ó. Ó wò ó pẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti bá wọn jà ni?"

"Rárá."

"Ẹ ò kúnlẹ̀ lónìí."

"Mi ò kúnlẹ̀."

"Lánàá, wọ́n ní kí ẹ dìde kíá. Mo wá mọ̀ pé ọmọ wọn ni yín."

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Gbéminíyì. "Kí lo fẹ́ kí wọ́n sọ?"

"Tí èmi bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀," ni ọmọ náà wí, "wọn kì í ní kí n dìde."

Ìwọ tí o ń kà á, o mọ̀ bí a ti í ṣe é. Bí orúnkún ọmọ bá ti ń lọ sílẹ̀ ni ohùn àgbà ti ń gbé e sókè, kíákíá, tí àwọn méjèèjì kì í tilẹ̀ rò ó. Gbéminíyì wá gbogbo ayé rẹ̀ kiri níbi tí ó dúró sí, ó ń wá ọjọ́ kan tí ọ̀rọ̀ yẹn kò tẹ̀lé ìkúnlẹ̀ rẹ̀. Kò rí ọ̀kan. Kò mọ̀ rí pé ọ̀rọ̀ "dìde" ṣeé fi du ènìyàn.

Ọmọ náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni ń sọ bí a ti í se ẹ̀wà. Bí ìkòkò bá jó, tàbí tí àwo bá fọ́, tí òun bá kúnlẹ̀ ní òwúrọ̀, Mọ́mì á kọjá lára òun bí ẹni tí kò rí òun. Wọ́n á lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á dé. "Tí mo bá dìde fúnra mi, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á gbé mi lọ sórí òkúta." Ó fa yẹ̀rì rẹ̀ sókè.

Àǹtí Comfort ni Gbéminíyì pè, nítorí kò lè dá wò ó. Àǹtí Comfort, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èyí tí a sọ, bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì yíjú sí ògiri. Orúnkún ọmọ náà kò jọ ara ènìyàn mọ́. Ó ti dúdú, ó ti yi, ọgbẹ́ tútù là á láàárín, òkúta wẹ́wẹ́ kan ṣì wà nínú ọ̀kan.

"Ẹ̀kọ́ ilé ni mo ń kọ́ ọ!" ni Ìyáàfin Fọláyẹmí ké láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀rù wà nínú ohùn rẹ̀ wàyí. "Gbéminíyì, ìwọ náà kọ́ ọ, àbí o ò kọ́ ọ? Kí ló ṣe ọ́?"

Gbéminíyì di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Wọ́n mú Tóyọ̀sí lọ ní ọ̀sán yẹn, ọlọ́pàá obìnrin kan bá wọn lọ. Ní ilé ìtọ́jú ọmọdé tí wọ́n gbé e lọ, ẹni àkọ́kọ́ tí ó rí ni bàbá aṣọ́gbà. Tóyọ̀sí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì kúnlẹ̀ fún un lórí ọgbẹ́ rẹ̀, ó dúró bẹ́ẹ̀.

"Wetin she lose for ground?" ni bàbá náà bèèrè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bá a wá ohun tí ó sọnù.

"Ẹ ní kí ó dìde, sà," ni Gbéminíyì wí. "Ẹ sọ pé, dìde."

"Dídè," ni bàbá náà sọ, ó fi ahọ́n Bìní yí i po. Ọmọ náà dìde. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Gbéminíyì gboyè. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe títí di òní. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹkùn Ìgbẹ́tì ni Tóyọ̀sí padà sí. Ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù, ó sì pín ìjọ wọn sí méjì. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni ó kù tí n ó sọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúnjí ti gbọ́ tẹnu Ìyáàfin Fọláyẹmí kí ọmọ rẹ̀ tó wọlé, ìbínú rẹ̀ sì ti gbóná. "O dúró lé ìyá ìjọ lórí!" Gbéminíyì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ó ròyìn ohun tí Tóyọ̀sí sọ fún òun fún bàbá rẹ̀, pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tí kò gún, láìfi ọ̀kan kún un. Bàbá rẹ̀ jókòó. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé itan.

"Ọmọ tín-ínrín kan tí kì í sọ̀rọ̀?" ni ó bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"A ṣe ìpàdé àdúrà nílé wọn ní oṣù tó kọjá. Òun ló gbé omi wá fún mi. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi." Ojú rẹ̀ ń wo àárín pálọ̀, bí ẹni pé abọ́ omi náà ṣì wà níbẹ̀. "Mo ń bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo gba omi. Gbéminíyì, n kò rántí bóyá mo ní kí ó dìde."