Aṣọ Mẹ́ta Lẹ́nu Ilé Òkùnkùn

Òórùn ilé ẹrù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kajú kúrò nínú rẹ̀ ni ó jí mi ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Manigri mọ òórùn yẹn. Ó dà bí epo, ó dà bí èso tó ti kan, eruku àpò ìdọ̀họ sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ra kajú ti fi ọkọ̀ ńlá kó ti ọdún yẹn lọ, òjò ti dé, àwa ọmọ ilé ìwé ti gba ìsinmi fakáǹsì, ilé ẹrù bàbá mi sì ṣófo. Mo jáde sí àgbàlá, mo rí Bàbá Kékeré tó gun àkàsọ̀, tó ń fi amọ̀ dí gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọ inú ilé náà. Mo béèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ń kọ́ ilé ìbẹ̀rù fún àwọn ọmọdé.

Mo sáré pa dà sínú ilé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti kú nígbà ọyẹ́ tó ṣáájú, nínú yàrá rẹ̀ tó wà lápá òsì àgbàlá wa. Ó ti ṣàìsàn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì máa ń ti fèrèsé kí òtútù má baà mú un. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, èmi ni wọ́n ní kí n gbé omi lọ fún un. Mo wọlé, ojú mi kò tíì ríran nínú òkùnkùn náà, mo pè é, kò dáhùn. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, mo ń pè é, títí ìyá àgbà fi wá fà mí jáde. Láti ọjọ́ náà, n kò wọ ibi tó ṣókùnkùn mọ́. Tí wọ́n bá ní kí n lọ mú iṣu wá láti inú abà, ẹnu ọ̀nà ni mo máa dúró sí tí mà á máa sunkún. Bàbá mi kò mọ ohun tó lè ṣe sí i. Oko iṣu rẹ̀ ni ó ń lọ láàárọ̀ kùtù, kò sì sọ orúkọ ìyá mi mọ́. Ní ti ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó máa ń sọ sí gbogbo ìṣòro tí wọ́n bá gbé wá bá a: "Ṣé ó ti jẹun?" Wọ́n á fún mi lóúnjẹ, mà á jẹ ẹ́, ẹ̀rù á sì tún máa bà mí.

Ìdírísù ni orúkọ Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ọdún púpọ̀ ní Abidjan, nínú ọgbà kan tí àwọn ènìyàn ti máa ń lọ ṣeré lọ́jọ́ ìsinmi. Ilé gígùn kan tí kò ní fèrèsé wà níbẹ̀, ọkọ̀ kékeré kan a máa gbé ènìyàn gba inú òkùnkùn rẹ̀ kọjá, ère á máa yọ sí wọn, ohùn á máa ké lé wọn lórí. Òun ni ó ń wa ọkọ̀ náà. Ó sọ fún wa pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba gbogbo ènìyàn, àgbà àti ọmọdé. Lọ́jọ́ kan, bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ wọlé, ọmọ náà sì ti ń bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà pé òun kò fẹ́. Nígbà tí wọ́n jáde, bàbá ń rẹ́rìn-ín, ọmọ kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá Kékeré ní ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn òun, nítorí òun ni ó wa ọkọ̀ náà.

Pusupusu tí a fi ń ti àpò kajú, kẹ̀kẹ́ onítáyà méjì, ni ó fi ṣe ọkọ̀ tirẹ̀. Ó tẹ́ ìrọ̀rí sínú rẹ̀, ó fi àpò ìdọ̀họ pín inú ilé ẹrù sí ojú ọ̀nà tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì so aṣọ mẹ́ta mọ́ ẹnu ọ̀nà: funfun, pupa rúsúrúsú bí èso kajú, àti dúdú. Ọmọ tó bá fẹ́ wọlé á fọwọ́ kan èyí tó wù ú. Tó bá jẹ́ funfun, ilẹ̀kùn méjèèjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, á wà ní ṣíṣí, Bàbá Kékeré á máa ti pusupusu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì máa sọ fún ọ tẹ́lẹ̀: "Ewé tútù ló fẹ́ kan etí rẹ báyìí." Tó bá jẹ́ pupa, á ti ilẹ̀kùn kan, agogo màlúù á máa dún, kò sì ní sọ ohunkóhun tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ dúdú, á ti ilẹ̀kùn méjèèjì pa, á máa sáré, omi á máa ta sí ọ lára, awọ ewúrẹ́ á gbá ọ lójú, ẹnìkan tí o kò rí á sì máa pe orúkọ rẹ.

Òfin méjì ni ó ṣe. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yan aṣọ fún ẹlòmíràn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ẹni tó yan funfun ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kan tó fi àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì, ilé ni ó gbà lọ, kò sì wọ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọmọ Anii, tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa, máa ń bá àwọn òbí wọn wá láti Bassila lọ́jọ́ ọjà, àwọn náà dúró lórí ìlà, wọ́n sì kọ́ orúkọ aṣọ mẹ́ta náà lédè wa.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tí mò ń wò wọ́n. Bàbá Kékeré kò pè mí. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo lọ bá a, mo bi í bóyá ó lè má ti pusupusu náà rárá, kó kàn jẹ́ kí n jókòó sínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ó ṣeé ṣe. Mo jókòó. Nígbà tó yá, mo ní kó tì mí wọlé díẹ̀, kó sì fà mí jáde. Ó ṣe é. Báyìí ni a ṣe ń lọ, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, títí mo fi la gbogbo ilé náà já nínú funfun. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo fọwọ́ kan pupa. Mo ké, mo sì rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà gbọ́ ẹ̀rín náà láti ilé ìdáná, ó jáde wá wò bóyá èmi ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣú, mo yan dúdú. Bàbá Kékeré wò mí, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ilẹ̀kùn. Omi ta sí mi, awọ gbá mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: "Sàfí mi dà?"

Báyìí ni ìyá mi ṣe máa ń pè mí. Bó bá ti ọjà dé, kó tó sọ ẹrù kalẹ̀, á fa "mi" yẹn gùn, á sì gé "dà" kúrú. Ẹ̀gbọ́n Ràmátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ni ó sá pamọ́ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni ó dàgbà sí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ, kò sì mọ̀ pé ohùn ìyá mi ni ó ń jáde lẹ́nu òun.

Nígbà tí a jáde, n kò sunkún. Mo fọwọ́ kan dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni mo wọlé lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì èmi ni mo kọ́kọ́ dé, lọ́jọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀, mo ń bẹ Bàbá Kékeré pé kó má sáré mọ́, kó máa rọra lọ tí a bá ti dé ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni ó ti dá pusupusu dúró, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, "Ta ni o ń gbọ́ níbẹ̀?"

Mo ní, "Màmá mi."

Ó dìde. Lẹ́yìn náà ó ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ó sì ní kí Ẹ̀gbọ́n Ràmátù jáde wá. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Ràmátù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún, èmi náà sì sunkún, ẹkún ìyá mi tí n kò tíì sun láti ìgbà ọyẹ́. Bàbá Kékeré kò sọ pé ká dákẹ́. Ó sọ fún mi pé òun kò ní tì mí wọ inú dúdú mọ́, nítorí kì í ṣe ẹ̀rù ni mò ń lọ wá níbẹ̀. Ó ní, "Yàrá rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Tí o bá fẹ́, a lè lọ. Ìwọ ni kí o sọ bó ṣe yẹ ká ṣe é."

Mo ní kó kọ́kọ́ ṣí fèrèsé láti ìta. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Ràmátù di ọwọ́ mi mú. Mo ní kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ṣe. Ibùsùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹní rẹ̀ ká jọ, aṣọ rẹ̀ kan ṣì kọ́ sára ìṣó. A jókòó, Ẹ̀gbọ́n Ràmátù sì sọ nípa rẹ̀ fún mi títí bàbá mi fi ti oko dé. Ó bá wa níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ léjìká, lẹ́yìn náà ó gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó wọlé, ó sì pe orúkọ ìyá mi.

Bàbá Kékeré pa dà sí Abidjan kí àkókò kajú mìíràn tó dé. Ó kú síbẹ̀ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Bassila, a kò sì rí i sin. Wọ́n ti wó ilé ẹrù náà, ilé bíríkì ni ó wà níbẹ̀ báyìí. Bassila yìí náà ni mo ti ń ṣe olùkọ́. Bí mo bá gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, lọ sí Manigri lọ́jọ́ Àìkú, àárò àgbàlá yẹn máa ń sọ mí kí n tó dé ibẹ̀. Àárò ẹni tó ń kúnlẹ̀ níwájú ọmọdé kó tó bi í ní ìbéèrè ni ó ń sọ mí jù. Ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó sì ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Èmi tí mo dàgbà yìí, ohunkóhun tí wọ́n bá gbé lé mi lórí ni mò ń rù, mà á ní kò wúwo.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ìyá mi nígbà tó kú. Mo ti lé ní ogójì. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà lónìí, tí kò sì dá mi mọ̀, òun ni yóò kúnlẹ̀ kí mi.