Kọ́ọ̀dù Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Onígbàjámọ̀ Kọ́

Gbogbo àdúgbò ló mọ ti ìgbéyàwó yẹn. Atẹdùùrù ò dé, ìyàwó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni olóògbé Bàbá Onígbàjámọ̀ bá dìde, ó tún kóòtù ṣe, ó lọ jókòó sídìí dùùrù. Kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, ohùn mẹ́ta téèyàn ń tẹ̀ pọ̀, ló mọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní dìmíníṣì, tó máa ń dún nínú fíìmù nígbà tí olè bá fẹ́ yọ. Ó tẹ̀ ẹ́. Ọkọ ìyàwó bojú wẹ̀yìn. Ó fẹ́ yí i padà, ó ṣì í, ó tún un tẹ̀. Ìyá ọkọ kígbe pé, "Yéè! Kí ló dé?" Ìyàwó ò lè wọlé, kò lè padà. Ni pásítọ̀ bá sún mọ́ ọn, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló kàn báyìí?"

"Ìyẹn la ò tíì kọ́," ni Bàbá dáhùn.

Tíṣà, opó tó ń kọ́ èèyàn ní dùùrù nínú pálọ̀ rẹ̀, wà lẹ́yìn pátápátá; kó tó dìde, Bàbá ti tẹ̀ ẹ́. Ìwé orin ló fi bojú.

Ṣáájú ìgbéyàwó yẹn, ìgbà tí ìyàwó Bàbá kú, tí àwọn ọmọ ti tú ká, ló wá kan ilẹ̀kùn Tíṣà. Ó ní ilé òun ti dákẹ́ jù. Tíṣà ní kó bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó rọrùn, ó kọ̀ jálẹ̀, dìmíníṣì lòun fẹ́.

"Ó dáa," ni Tíṣà wí. "Tẹ́ ẹ bá ti lè yí i padà láìṣìṣe, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn."

Ohùn mẹ́ta ni: Ti, Re, Fa. Kéèyàn lè yí i, Ti tó wà nísàlẹ̀ á gun òkè lọ, Re á wá di ìsàlẹ̀. Bàbá ò gbà.

"Kí ni Ti ṣe tẹ́ ẹ fi lé e?"

"Wọn ò lé e, Bàbá. Àyè ló pààrọ̀."

"Ṣé ó bẹ̀ yín ni? Ẹni tó bá ti jókòó, ẹ jẹ́ ó jókòó!"

Wọ́n fà á títí tíì fi tutù nínú ife.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ńkọ́? Orí oníbàárà ló fi ń dánra wò. Ẹ̀rọ ìfárí á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka ọwọ́ òsì mẹ́ta á máa rìn lágbárí èèyàn. Mẹkáníìkì kan ní, "Bàbá, kí lẹ ń wá lórí mi?"

"Má mira. Mo fẹ́ yí i padà ni."

"Orí ta lẹ fẹ́ yí padà?" Mẹkáníìkì já sí títì, apá kan orí ń dán, apá kejì dúdú kirikiri.

Bí Tíṣà bá rántí ti mẹkáníìkì yìí, á dá rẹ́rìn-ín nínú pálọ̀, á wá gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe dún lóun nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kù, ìyá wọn á ti máa fọn fèrè mọ́tò kí wọ́n tó pa ìwé dé. Bàbá nìkan ló máa ń jókòó lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tí í bèèrè orúnkún Tíṣà tó ń dùn ún, tó sì ń bá a so kọ́tìnì tó já.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà wọ kíṣìnì lọ gbé tíì, ló bá gbọ́ dùùrù: Ti Re Fa, Re Fa Ti, Fa Ti Re, ó ń lọ geere. Ó yọjú. Bàbá dijú, inú rẹ̀ ń dùn. Bó ṣe gbọ́ ìró bàtà báyìí, ìka dàrú.

"Tíṣà, nǹkan yìí le o. Ọpọlọ àgbà ò gbà á mọ́."

Tíṣà gbé tíì kalẹ̀. Ó mọ̀ pé tóun bá ní òun gbọ́, ẹ̀kọ́ parí, kò sì sẹ́ni tó máa jókòó ti òun mọ́.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ẹ ṣì ń ṣì í. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó tún gbé e wò."

"Mo dúpẹ́, Tíṣà. Mi ò yára mọ nǹkan."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí ikú fi mú un lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ jókòó sílé Bàbá, wọ́n ń sọ ti mẹkáníìkì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àkọ́bí yíjú sí Tíṣà. "Ẹ gbìyànjú, Mà. Gbogbo ọdún yẹn, kọ́ọ̀dù kan! Olódo gidi ni bàbá wa."

Tíṣà fẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é.

"Kì í ṣe olódo," ló wí. "Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èmi ni mi ò fẹ́ kó lọ. Òun náà ò sì fẹ́ lọ."

Ọmọbìnrin Bàbá dìde, ó fa àga Tíṣà wá sáàárín àwọn ọmọ olóògbé.

"Ẹ súnmọ́ wa, Màmá. Ẹ wá sọ tiyín fún wa."

Tíṣà jókòó sí i.

"Àárò bàbá yín ń sọ mí," ló kọ́kọ́ rí sọ.